Amúkùn-ún, Ẹ́ńjìnnì Rẹ Wọ́

Ní Makoko, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jù, ẹni mẹ́ta la máa ń bú: ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹni tó ta epo, àti mẹkáníìkì. Bí a bá bú wọn tán tí kò sì dẹ̀, a ó ní pákó ló ti gbó, ká kúkú lọ ra ọkọ̀ fáíbà. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn tó sì là mí lójú sí i kì í ṣe ọlọ́kọ̀ rárá, àwọn tó ń tún ìbọn ṣe ni.

Ẹ má fòyà o. N kò ní ìbọn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá a. Òfin ìbọn ọdún 1959 ti sọ pé ìwé àṣẹ la fi ń ní in ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ ká yá lò.

Ìbọn ìgbàlódé pín sí apá méjì: irin tí ọta ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, àti ìdí ìbọn tí à ń gbé lé èjìká. Ṣíkúrúù méjì tàbí mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi ń ṣe ìdí ìbọn, òjò á mú un wú, ẹ̀ẹ̀rùn á mú un sún kì. Bó bá wú, á ti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré o. Bí irin bá fi ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì péré yà, nígbà tí ọta bá fi máa rin mítà 100, á ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ṣìnà.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike àti fáíbà ṣe é. Ìbọn Nylon 66 tí Remington gbé jáde ní 1959 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lókìkí. Àwọn èèyàn rò pé ìṣòro ti tán. Kò tán. Ìdí ìbọn tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dù kì í bá irin mu géérégé: àlàfo á wà níbí, ibòmíì á ga jù. Bí wọ́n bá wá fún ṣíkúrúù pinpin, irin á tẹ̀ díẹ̀ kó lè bá ibi tó ga mu. Bí ìbọn bá dún, gbogbo rẹ̀ á mì, irin ò sì ní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n á họ inú ìdí ìbọn kó lè rí gbágungbàgun, wọ́n á fi wáàsì tàbí pólíìṣì bàtà pa irin lára kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn títí láé, wọ́n á da gọ́ọ̀mù epoxy sínú rẹ̀, wọ́n á wá gbé irin lé e jẹ́jẹ́, láìfún un mọ́lẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, á ti mú àwòrán irin náà bó ṣe rí. Wọ́n á tún ki páìpù alumíníọ̀mù kékeré sínú ihò ṣíkúrúù, kó lè jẹ́ pé irin ni ṣíkúrúù ń fún mọ́ irin, kì í ṣe ike. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Marine-Tex, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún títún ọkọ̀ ojú omi ṣe, wà lára ohun tí àwọn atúnbọnṣe Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù. Ohun tiwa ni wọ́n ń lò, àwa tí a ni ọkọ̀ ò lò ó.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa. Nísàlẹ̀, nínú omi, fáànù ń ti ọkọ̀ síwájú. Lókè, ibi tí a ti fún ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó, agbára kan náà ń fa bóòtù sẹ́yìn, irin ìsàlẹ̀ sì ń tẹ pákó mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá fi iná kún un tàbí tí a dín in kù, ó ń fà, ó ń tẹ̀. Pákó tó ti mumi yó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára tó fi ń gba ìtẹ̀ mọ́ra. Èyí tó burú jù rèé: bí o bá fún bóòtù nígbà tí pákó gbẹ, tí pákó wá wú nígbà òjò, kò ríbi wú sí, inú rẹ̀ á fọ́ lábẹ́ wọ́ṣà. Bó bá tún gbẹ, á tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bóòtù á sì dẹ̀. O tún fún un, ó tún fọ́.

Mo wọ ọkọ̀ kan ní ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi ń ta omi sí wa lára. Ọmọkùnrin tó ń wà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ́ńjìnnì yìí ló ti fẹ́ kú." Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo fa bébà kan yọ, mo kì í sáàárín irin àti pákó. Bébà wọlé dé ìdajì. Àwọn atúnbọnṣe náà máa ń ki bébà sábẹ́ ọ̀pá ìbọn láti mọ ibi tó ti kan ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò kú, orí góńgó méjì péré ló jókòó lé.

Bàbá kan tó ń kan ọkọ̀ sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, bàbá tó bí mi ò fi gọ́ọ̀mù kankan kan ọkọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ò sì rì." Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Àmọ́ àjẹ̀ àti ọ̀pá ni bàbá yín fi ń tukọ̀. Wọn ò gbé Yamaha 40 kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé fáíbà ni àtúnṣe, ẹ rántí Nylon 66. Fáíbà ò wú bíi pákó, lóòótọ́, àmọ́ kò pọn dandan kó bá irin mu. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà ló sì jẹ́ pé pákó ló wà nínú ẹ̀yìn wọn. Bí a bá lu ihò bóòtù tí a ò dí i, omi á gba ibẹ̀ wọlé, pákó inú á jẹrà, ẹ̀yin ò sì ní rí i títí ẹ́ńjìnnì á fi já bọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Kí a fa ọkọ̀ sókè, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí epoxy kì í di pákó tútù mú bó ṣe yẹ. Kí a lu ihò bóòtù tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kí a fi epoxy dí i pa, kí a tún un lu ní ìwọ̀n bóòtù. Kí a tẹ́ epoxy sábẹ́ irin ẹ́ńjìnnì tí a ti fi wáàsì pa, kí a fi wọ́ṣà tó fẹ̀ sínú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa po gọ́ọ̀mù náà: nínú ooru Èkó ó tètè ń le, òmíràn á gbóná nínú ike kó o tó gbójú sókè. Kí a má sì fi kún ohun tó ń mú un le pé kó lè yá. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ìwọ̀n, bó bá pọ̀ jù, kò ní le dáadáa.

Ó ń náni lówó, ó sì ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ọkọ̀ ò ní pawó. Mo mọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ni àwọn ọmọ wa fi ń lọ sílé ìwé. Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì tuntun, tàbí kí ẹ tó bú mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ki bébà sábẹ́ rẹ̀.