Ìbò abẹ́lé kan, olùborí méjì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá dìbò abẹ́lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báwo lèèyàn méjì ṣe máa ń jáde pé àwọn làwọn wọlé?

Mi ò tíì gbàgbé ti Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2018. Nínú APC kan náà, àwọn kan kéde Adékúnlé Akínladé, àwọn mìíràn kéde Dàpọ̀ Abíọ́dún. Nígbà tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ l'Ábùjá mú Abíọ́dún, Akínladé kọjá sínú APM. Àwọn méjèèjì tún pàdé nínú ìbò gómìnà 2019, Abíọ́dún ló sì wọlé.

Àwọn kan á ní ìjà ilé lásán nìyẹn. Ẹ bi àwọn ará Zamfara wò. Níbẹ̀, apá kan nínú APC ní àwọn dìbò abẹ́lé, apá kejì ní irọ́ ni. INEC ti kéde APC nínú ìbò gómìnà kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ lọ́jọ́ 24, oṣù Karùn-ún, 2019, pé ẹgbẹ́ náà ò ṣe ìbò abẹ́lé tó bófin mu. Gbogbo ìbò wọn dòfo, PDP gbàjọba. Ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ará ìlú tó to ìlà nínú oòrùn, kí lẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀?

Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ pe oníròyìn kọ́ ló wọlé. Kí wọ́n lẹ èsì wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan síta, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rí i, kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni sókè. Ẹni tó wọlé lóòótọ́ ò ní bẹ̀rù kí wọ́n kà á lójú gbogbo ayé.