Àléébù Ọta Ìbọn àti Àfòmọ́ "àì-": Ọ̀rọ̀-Ìperí Gbọ́dọ̀ Sọ Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀

Nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún àléébù ẹ̀rọ, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àì- ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: àìṣiṣẹ́, àìtàn, àìyọ. Èrò tèmi ni pé irú ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í tó. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ. Kì í sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọta ìbọn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí àṣìtumọ̀ lè gba ojú tàbí ẹ̀mí.

Ìṣòro kìíní ni ọ̀rọ̀ náà ọta fúnra rẹ̀. Òun ni a fi ń pe ohun tí ń fò jáde lẹ́nu ìbọn. Òun náà ni a sì fi ń pe odindi ohun tí à ń kì bọ ìbọn. Ẹni tí ń fi ọwọ́ dì í kò lè lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí ohun mẹ́rin ni ó wà níwájú rẹ̀. Mo dábàá pé kí ọta jẹ́ ti ohun tí ń fò lọ nìkan, kí ẹ̀tù sì dúró bí ó ti wà. Ìdérí onídẹ ni kí a pè ní karawun, bí a ti ń pe ti ìgbín. Ife kékeré oníná tí ó wà ní ìdí karawun ni kí a pè ní ìṣáná-ìdí. Àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọta oníkarawun. Abẹ́rẹ́ ìbọn ni yóò gún ìṣáná-ìdí. Ìwọ̀ ìfàyọ ni yóò fa karawun òfìfo jáde nínú ìyẹ̀wù ìbọn.

Wàyí o, ọdẹ fa ìbọn, kò dún. Àìgbaná ni onítumọ̀ yóò kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí iná ti bẹ̀rẹ̀ nínú karawun, kí ìbọn sì dún lẹ́yìn tí ọdẹ ti rò pé ó kọ̀. Èyí ni mo pè ní àpẹ́gbaná. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìbọn fi ń kọ́ni pé kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, kí a tó ṣí i. Ìwé ìtọ́ni tí kò ní àpẹ́gbaná kò ní ohun tí yóò fi ṣàlàyé ìdí tí a fi ń dúró.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò tọ́ka sí orísun àléébù. Ìṣáná-ìdí yọrí: kò wọlé dé ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀, agbára abẹ́rẹ́ sì parí sórí títì í wọlé. Ìṣáná-ìdí kú: òróró kàn án. Karawun kúrú: a tẹ èjìká rẹ̀ sẹ́yìn jù, ó sì ń sá síwájú fún abẹ́rẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àìfàyọ. Karawun lè há, bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tí agbára gáàsì sì tẹ idẹ mọ́ ògiri ìyẹ̀wù, tàbí bí ìyẹ̀wù bá dọ̀tí. Ìwọ̀ lè yọ̀, bí ó bá ti jẹ tàbí tí ìdọ̀tí bá dí i. Karawun sì lè já.

Ìbọn Lee-Enfield, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ọmọ ogun ní 1895, tí àwọn ọmọ ogun wa náà sì gbé lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ẹ̀rí jíjá yìí. Etí karawun ni ó fi ń dúró nínú ìyẹ̀wù. Ààyè níwájú rẹ̀ sì fẹ̀. Bí ìbọn bá dún, karawun a fẹ̀ kún ààyè náà. Bí ẹni tí ń dì í bá tún tẹ gbogbo ara rẹ̀ padà sí ìwọ̀n àtètèkọ́ṣe, yóò tún nà bí ó bá tún dún. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, idẹ a fẹ́lẹ́ lókè ìdí, ìlà dídán a yí i ká, karawun a sì já sí méjì: ìdí a jáde, ara a kù sínú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ó máa tẹ ọrùn karawun nìkan. Ẹni tí ó ka àìfàyọ nìkan yóò lọ pààrọ̀ ìwọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

A lè sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìwé atúmọ̀ èdè ń fẹ́. Kò burú: àfòmọ́ ì- yóò fún wa ní ìhá-karawun, ìyọ̀-ìwọ̀ àti ìjá-karawun. Kí àì- jẹ́ àkọlé. Kí ọ̀rọ̀-ìṣe pa ààlà sábẹ́ rẹ̀. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwa tí ó kù láti la ti iṣẹ́ irin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ máa bi oníṣẹ́ léèrè pé: kí ni ó ṣe é? Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá fi dáhùn ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀.