Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ń Ṣì Kà

Bí akọ̀wé kan ní Ìbàdàn bá kọ 03/04/2025 sílẹ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni ó ní lọ́kàn. PHP, èdè ètò kọ̀ǹpútà tí ó wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí strtotime túmọ̀ rẹ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni yóò pè é, gẹ́gẹ́ bí àṣà Amẹ́ríkà. Ẹ wá kọ ọ́ ní 03-04-2025, yóò sì gbà pẹ̀lú wa! Irú 25/04/2025 ni yóò kọ̀ pátápátá, nítorí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwa ògbufọ̀ mọ irú àṣìṣe tí kì í pariwo yìí.

Aago ńkọ́? Bí a kò bá dárúkọ Africa/Lagos fún un, UTC ni ó sábà máa ń lò, èyí tí ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ìwé ìwáṣẹ́ tí ó dé ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru, nígbà tí gbèdéke ti kọjá, yóò di èyí tí ó dé ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná. Apẹ́lẹ́yìn wá di ẹni tí ó tètè dé.

N kò dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kí ó máa méfò ni ó jẹ̀bi, nítorí pé createFromFormat wà, tí a fi ń sọ fún un pé ọjọ́ ni ó ṣáájú, kí oṣù tó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń gba ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀ yẹ èyí wò kí ó tó san owó iṣẹ́.