Ta Ló Ń Paná Nínú Fóònù?

Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, fóònù á ti kú mọ́ ìyá aláta lọ́wọ́. Oníbàárà ní òun ti fowó ránṣẹ́, ìyá ò rí ohun tó máa fi wò ó. Bátìrì ni gbogbo ayé máa ń bú. Lóòótọ́, bátìrì ń darúgbó, ṣùgbọ́n apínná kan wà nínú fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ.

Ẹ wo ilé ayálégbé tí yàrá kojú sí yàrá. Iná kan ló wọlé, yàrá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ fóònù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní purosẹ́sọ̀. Yàrá kan ń ṣírò, òmíràn ń ya àwòrán sójú fóònù, òmíràn ń bójú tó fídíò. Nígbà míì, yàrá bíi mélòó kan ló ń mu iná lẹ́nu rẹgulétọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn sítábíláísà tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Ta ló wá ń sọ iye iná tó tó? Nínú fóònù Android, Linux ni, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kánẹ̀lì. Ọdún 2008 ni ètò rẹgulétọ̀ wọ Linux 2.6.27. Liam Girdwood àti Mark Brown, tí wọ́n wà ní Wolfson Microelectronics ní Edinburgh lọ́hùn-ún, ló ṣe wàhálà rẹ̀.

Yàrá kan á ní kí fóltéèjì òun má dín sí 0.9, kó má sì kọjá 1.2. Òmíràn á ní tòun ò gbọdọ̀ dín sí 1.0. Kánẹ̀lì á wá iye tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá ní òun ti ṣe tán, kò ní já wáyà lójijì. Ó ń ka iye àwọn tó kù. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá jáde ló tó paná. Onílé wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdínkù kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Bí fóltéèjì bá ti 1.2 wá sí 0.9, tí eré rẹ̀ kò yí padà, iṣẹ́ tó ń jẹ iná 100 á máa jẹ bíi 56. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bó bá fẹ́ sáré, iná ló ń kọ́kọ́ gòkè, bó bá fẹ́ rọra, eré ló ń kọ́kọ́ dín. Ẹni tó bá yí i sódì, fóònù á dákú. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ló sì ń kọ òpin òkè àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, kánẹ̀lì á gbà á gbọ́, ọpọlọ náà sì lè jóná.

Àwọn kan tún ń ka yàrá fúnra rẹ̀ sí rẹgulétọ̀, torí ó rọrùn: tàn án, pa á. Àṣìṣe ni. Yàrá kì í ṣe gílóòbù. Kí wọ́n tó paná ibẹ̀, ẹrù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní ìpamọ́, ohun tó ń lu ìlù iṣẹ́ fún un gbọ́dọ̀ dúró, wọn á sì dínà kí jágbajàgba ibẹ̀ má ba yàrá kejì jẹ́. Yàrá sì lè wà nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí Rafael Wysocki fi gbé ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn yàrá wọ Linux 3.1 ní 2011. Rẹgulétọ̀ ń wọn iná. Ètò kejì ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tì í.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú wọn bá gbàgbé láti sọ pé òun ti jáde, òǹkà ò ní dé òdo. Iná á máa jó nínú yàrá òfìfo, títí fóònù ìyá aláta á fi kú lọ́sàn-án gangan, á sì bú bátìrì.