Ojú Tí Ó Kọ́kọ́ Rí Jenifa

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ariwo kan gba ilé gba oko ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ní A Tribe Called Judah, fíìmù tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ti pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá. Kò sí fíìmù Nàìjíríà kan tí ó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú àkókò náà. Àwọn oníwèé-ìròyìn yọ̀, àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀, àwọn olóṣèlú náà sì bá wọn yọ̀, nítorí olóṣèlú kì í jìnnà sí ibi tí a bá ti ń ka owó. Èmi náà yọ̀ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yọ̀ ni ìbéèrè kan ń jà gùdù lọ́kàn mi: ta ni ó wo fíìmù yìí ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀. Láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, títí tí a ó fi kan Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, ìlú ńláńlá ni wọ́n, ìlú ọlọ́ba, ìlú tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe wà ní Èrúwà, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Láti ọdún 1963 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wá sọ́dọ̀ wa láti kọ́ bí a ti í tọ́jú ará ìlú. Àwọn òyìnbó ń ti òkè òkun wá wo àwọn ìbejì wa, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ọbẹ̀ ìlasa ni ó fà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wo fíìmù lójú aṣọ funfun gbàgede ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, owó ìwọlé, owó oúnjẹ ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé e lọ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan yóò rò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dìde, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kò tilẹ̀ ní í rò ó rárá.

Ìṣirò náà kò le. Bí a bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san, owó ènìyàn 250,000 ni bílíọ̀nù kan náírà. Orílẹ̀-èdè wa sì lé ní igba mílíọ̀nù ènìyàn. Èyí ni pé nínú ẹgbẹ̀rin ènìyàn, ẹyọ ẹnì kan ni ó rí ohun tí wọ́n ní kí gbogbo wa wá yọ̀ lé lórí. Àwọn ẹgbẹ̀rin-ó-dín-kan yòókù ńkọ́? Nínú wọn ni àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ Fúnkẹ́ Akíndélé wà.

Mo rántí ọdún 2008 dáadáa. Nínú agboolé wa ní Igbó-Ọrà, aránṣọ kan wà tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ ju iná rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú rẹ̀ sí ìta, ó sì fi àwo Jenifa sí i. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ro àmàlà tán jókòó sórí àpótí, àwọn ọmọdé tẹ́ ara wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni, àwọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n ń kọjá lọ, wọn kò sì kọjá títí fíìmù fi parí. Ayédèrú ni àwo náà, n kò ní í purọ́. Ó kúrò nílé aránṣọ, ó lọ sí ilé alágbàfọ̀, ó ti ibẹ̀ dé Ìdèrè, kò sì padà wá mọ́. Kò sí ẹni tí ó ka iye wa. Bí ẹnìkan bá kà á, láti agboolé dé agboolé ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, mo fẹ́ rí ilé sinimá tí yóò lè bá wa du iye náà.

Gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá àgbà kan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Súlíà ará Ayétòrò, ọmọ tí ó ti oko lọ sí yunifásítì, ti sọ ara rẹ̀ di Jenifa tán, tí ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ọmọge olówó tí ń ta ara wọn fún ọkùnrin, ìyá náà béèrè pé: ‘Ṣé kò wá sí ẹni tí ó lè pe ọmọ yìí padà sílé ni?’ N kò tíì ka àríwísí fíìmù náà kan tí ó dára tó ìbéèrè yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé pẹ̀gàn Jenifa nígbà náà. A ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, a ní ó ń fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́, a ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ yóò ba ti àwọn ọmọ wa jẹ́. A kò wò ó dáadáa. Fíìmù Yorùbá ni Jenifa ọdún 2008. Yorùbá ni ilé, Yorùbá ni ọjà, Yorùbá ni àṣírí àti ìbànújẹ́ inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ tí Súlíà ń sọ dà bí aṣọ àyálò tí kò bá a mu: ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń kọjá lára rẹ̀ dé ara àwa tí a ti pinnu pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ènìyàn. Fúnkẹ́ Akíndélé mọ ohun tí ó ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà. Ọmọ Ìkòròdú tí ó ka ìwé òfin ni, ẹni tí a ti rí láti ọdún 1998 nínú I Need to Know lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún régé. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè kan yékéyéké nìkan ni ó lè fọ́ ọ bí ó ti fọ́ ọ nínú Jenifa, kí ibi tí ó ti fọ́ sì máa gé wa lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tí ó ta yọ jù lọ ní Africa Movie Academy Awards ní ọdún 2009, iṣẹ́ tí ó ṣe ní èdè Yorùbá ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? The Return of Jenifa jáde ní ọdún 2011. Jenifa's Diary bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 gẹ́gẹ́ bí eré àtìgbàdégbà, Gẹ̀ẹ́sì àti àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó gba iwájú nínú rẹ̀. Ibí ni ìjà mi wà. Nígbà tí àwọn tí ó yí Súlíà ká ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ilé mọ́ tí a lè pè é padà sí. Àṣìṣe ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí a ń fi rẹ́rìn-ín, ará oko sì wá di ẹlẹ́yà lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ẹ̀sùn èké kàn án tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ghetto tí ó ṣe ní ọdún 2010, Yorùbá ni. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2020, tí ó pa ju ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù náírà lọ, ti kún fún Gẹ̀ẹ́sì àti pijin. Battle on Buka Street tẹ̀ lé e ní ọdún 2022, lẹ́yìn náà ni Judah. N kò sọ pé wọn kò dára. Ìyá ọlọ́mọ márùn-ún inú Judah, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní baba tirẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ òṣèré tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí owó ti ń gòkè ni Yorùbá ń sọ̀kalẹ̀, kò sì yẹ kí a pe ìyẹn ní àyípadà lásán.

Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí, pé fíìmù tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Nargis? Òṣèrébìnrin ilẹ̀ Íńdíà yìí bẹ̀rẹ̀ eré sinimá ní kékeré ní ọdún 1935, ó sì ti gbajúmọ̀ nínú Awaara ní ọdún 1951 kí Mehboob Khan tó fi í ṣe Radha nínú Mother India ní ọdún 1957. Obìnrin oko ni Radha. Gbèsè wọ ọrùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pàdánù apá méjèèjì ó sì sá lọ, òun fúnra rẹ̀ sì fi èjìká fa ohun ìtúlẹ̀ tí ó yẹ kí màlúù fà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di olè tí ó ń jí ọmọbìnrin ìlú gbé, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi yìnbọn pa á. Èdè Híńdì ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àwọn tí ń du Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fún Nargis ní àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin ní Karlovy Vary ní ọdún 1958. Ó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń lọ sí Ìbàdàn lọ wo fíìmù Íńdíà, wọ́n ń fi orin rẹ̀ ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ padà wálé, wọn kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. (Nargis náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó di aṣòfin ní ọdún 1980, ó fi ẹ̀sùn kan Satyajit Ray pé ó ń gbé òṣì Íńdíà lọ tà fún òyìnbó. Obìnrin tí ó ti fa ohun ìtúlẹ̀ lójú gbogbo ayé!) Ní Íńdíà náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ sinimá láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń pàgọ́ sí ibi tí ọjà tàbí ọdún bá ti pe èrò jọ. Ará oko ń rí ará oko ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú aṣọ funfun.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún mi, ó sì lágbára. Wọ́n á ní àwo ayédèrú tí ẹ wò nínú agboolé yín ni ó lé obìnrin náà lọ sí ilé sinimá. Òótọ́ ni. Àwọn olè fíìmù ni ó sọ Mọ́sẹ́sì Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, sínú òkùnkùn gbèsè nígbà tí wọ́n jí Ọ̀run Mooru ọdún 1982 rẹ̀ dà kọ, àwa tí a ra ẹ̀dà náà sì wà nínú olè náà. Ilé sinimá ń ka owó, ó ń pín in, òṣèré sì ń rí tirẹ̀ gbà. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó ní kí Fúnkẹ́ padà sí ọwọ́ àwọn olè Àlábà. Wọ́n á tún ní fóònù wà, pé fíìmù Yorùbá kún orí YouTube. Ó kún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ wa gbọ́dọ̀ ra dátà kí ó tó wò ó, òun nìkan ni ó sì ń wò ó lórí ibùsùn, nínú gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá àgbà kò sí nítòsí láti béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń rántí bí wọ́n ti ń ṣe é rí. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ń wọ ọkọ̀ bọ̀gìjẹ̀ wá bá ènìyàn nínú ìlú rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, pẹ̀lú àtùpà gáàsì. Nígbà tí sinimá dé, tí Ògúndé ṣe Ayé àti Jáíyésinmi, tí Adé Love àti Bàbá Sàlá ń ṣe tiwọn, àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n ń gbé fíìmù káàkiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, wọ́n ń jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà. Wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, wọ́n sì jàre.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ó ná àwọn obìnrin. Tiger's Empire tí Ògúndé ṣe ní ọdún 1946 ni a ti kọ́kọ́ kéde obìnrin gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀ nínú eré Yorùbá. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe eré, Ògúndé sì ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Adéṣẹwà Ògúndé, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1970 nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Orí ọ̀nà tí ó lọ bá àwọn ènìyàn ni ó kú sí. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, òun sì ni ọkọ ń gbé kiri. Fúnkẹ́ Akíndélé ni ó ni ilé-iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀. Òun ni ó ń kọ̀tàn, òun ni ó ń darí, òun ni ó ń pinnu ibi tí fíìmù yóò lọ. Nítorí pé ó lágbára yìí ni mo ṣe ń bá a wí. Ẹni tí kò ní agbára ni à ń ṣàánú. Lẹ́yìn tí ilé sinimá ìlú ńlá bá ti gba tirẹ̀ tán, kí ni ó ní kí ọkọ̀ kan, aṣọ funfun kan àti ẹ̀rọ kan má gbéra lọ sí Èrúwà, kí ó sùn ní Igbó-Ọrà, kí ó jí sí Ayétẹ̀? Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn nínú gbọ̀ngàn kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bílíọ̀nù, ṣùgbọ́n 150,000 náírà ni lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa náà ní gbọ̀ngàn tí kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú lọ. Kí wọ́n ṣí i.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Jenifa tún padà dé. Everybody Loves Jenifa ni wọ́n pe fíìmù náà, èyí tí í ṣe pé gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn Jenifa. Ó pa ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà lọ. Mo rí aránṣọ wa lẹ́yìn ọdún tuntun. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ó ti gbọ́ ìròyìn. Ó bi mí bóyá ọmọ náà ti padà sílé nínú èyí. Mo ní n kò tíì rí ààyè lọ sí Ìbàdàn.