Yíyá San Yíyá Kì í Ṣe Sísan

Bí oṣù bá ti dá sí méjì, ẹ lọ dúró níwájú géètì fákítọ̀rì èyíkéyìí ní Oba Akran tàbí Ogba, lágbègbè Ikeja, nígbà tí ṣíìfù bá ń pààrọ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ: “Ṣé áàpù tó yá ọ lówó yẹn ló ń dà ọ́ láàmú? Yá níbòmíràn, fi san án, kí o sinmi.” Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ ló ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn. Láti Pen Cinema dé Iju, gbogbo èèyàn ló gbà á bẹ́ẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó yá owó san owó kò tíì san kọ́bọ̀. Olówó ló kàn pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní òṣìṣẹ́ kan tó ń di bisikíìtì sínú páálí yá ₦50,000 lórí áàpù, èlé ₦30 lórí ₦100, ọgbọ̀n ọjọ́. Aláàtì wọlé: ₦45,000. Wọ́n ti yọ owó tí wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́ kó tó débẹ̀. Ọjọ́ pé, wọ́n ní kó mú ₦65,000 wá. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá yá ₦65,000 lórí áàpù kejì, iye èlé kan náà. Ká tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ká ní èyí kò yọ nǹkan kan. Oṣù kejì parí, gbèsè di ₦84,500. Áàpù kẹta gbà á lọ́wọ́ ìkejì, ó di ₦109,850. Oṣù mẹ́ta péré, ₦45,000 ló fọwọ́ kàn, kò sì ra abẹ́rẹ́ kún un. Bẹ́ẹ̀, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ lọ́dún 2024. Sọ́gúndógójì tí àwọn bàbá wa ń sá fún kò le tó báyìí.

Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ń ro oko olówó, iṣẹ́ oko yẹn sì ni èlé. Ìbáà ṣe é lọ́dún mẹ́wàá, ojú owó kò dín, àfi bí ẹbí bá gbé e wá lódindi. Ó mọ̀ pé òun ò tíì san. Àwa tí à ń ti áàpù kan bọ́ sí òmíràn, a ń dúpẹ́ pé a ti san.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní, “Ṣebí òyìnbó ń ṣe é?” Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Láti 2005 ni Zopa ti bẹ̀rẹ̀ nílùú London: ará ìlú tó ní owó ń yá ará ìlú tó nílò rẹ̀, láìgba ti bánkì. LendingClub tẹ̀lé e ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì ní gbèsè káàdì tí àwọn fi ń rajà láwìn ni àwọn fẹ́ fi owó náà san. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n gbà: oṣù 36 tàbí 60, iye kan náà lóṣooṣù, àti èlé tó yẹ kó rẹlẹ̀ ju ti káàdì lọ. Tiwa ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọgbọ̀n ọjọ́, èlé tí kò rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́hùn-ún pàápàá, ẹni tó san gbèsè káàdì tí kò sì gé káàdì lè tún jẹ òmíràn lórí rẹ̀. Zopa fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ètò ará-ìlú-ń-yá-ará-ìlú náà pa ní 2021.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti lọ sí London. Ní oṣù Kẹta 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà kó ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn lọ já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Opebi, nínú Ikeja wa níbí. Áàpù tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ta ló wá búra fún yín pé ẹni tí ẹ ń sá lọ bá kì í ṣe ará ilé ẹni tí ẹ ń sá fún? Lọ́dún tó ṣáájú, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending nítorí ó ń fi ọ̀rọ̀ oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Òṣómàáàló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nìkan. Àwọn wọ̀nyí ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àna yín, pásítọ̀ yín àti súpáfáísọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yáwó. Bí ẹ bá fẹ́ owó láàárín ara wa láìgba ti bánkì, àjọ dídá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kó ṣáájú. Kò sí èlé níbẹ̀. Tàbí kí ẹ lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ yín. Ká ní wọ́n yá yín ₦65,000, èlé ₦1 lórí ₦100 lóṣù, oṣù mẹ́wàá: ₦7,150 ni wọn óò máa yọ nínú owó oṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦71,500. Ẹ fi pa gbèsè áàpù rẹ́, kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Irú yíyá yìí nìkan ni mo gbà, nítorí gbèsè ń dín lóṣooṣù.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń falẹ̀, onídùúró méjì, fọ́ọ̀mù, ìpàdé. Òótọ́ ni, n kò ní gbèjà wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù lálẹ́ Friday kò lè dúró de ìpàdé ìparí oṣù. Èyí tó tún burú ni pé òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, tí owó rẹ̀ kéré jù, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ gbé ohun méjì síwájú ìpàdé tó ń bọ̀: kí wọ́n ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀ tí akọ̀wé lè fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Bí alága bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ ní kó wí ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.