Òwò tí A Ṣí Ojú Rẹ̀ Sílẹ̀ Ni Ó Ń Gbèrú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé àṣírí ni ẹ̀mí òwò. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ iye tí ó ń wọlé, kò sì gbọdọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣì í ṣe. Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé níbi tí ọ̀gá ti fi iṣẹ́ han àwọn tí ń bá a ṣe é, tí òun náà sì ń gbọ́ tiwọn, ibẹ̀ ni òwò ti ń gbèrú. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ayé òde òní.

Ní ọdún 1939, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan, Bill Hewlett àti David Packard, dá ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard sílẹ̀ ní ìlú Palo Alto ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú ilé kékeré tí a ń gbé mọ́tò sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, dọ́là 538 péré sì ni owó ọwọ́ wọn. Packard ti ṣiṣẹ́ rí ní General Electric, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ irinṣẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ tó náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jí i kó. Ẹni tí a ti fojú olè wò kò kúkú rí èrè nínú òótọ́. Nígbà tí òun náà di ọ̀gá, ó ní kí yàrá irinṣẹ́ máa wà ní ṣíṣí, kí ẹni tí ó bá ní èrò tuntun lè dán an wò nígbàkígbà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, Hewlett bá ilẹ̀kùn yàrá náà ní títì. Ó já àgádágodo rẹ̀, ó sì kọ ìwé sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tì í mọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbèrú títí ó fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ẹ̀rí kejì ni ti Linux. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Helsinki, kọ ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀ lé. Kò gbé e pamọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Lónìí, òun ni ìpìlẹ̀ àwọn fóònù Android tí ó kún ìgboro. Bí ẹ bá bi mí pé èrè wo ni ó wà nínú ohun tí a fi tọrẹ, èmi yóò dáhùn pé ilé iṣẹ́ Red Hat sọ bíbá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tọ́jú Linux di òwò. Ní ọdún 2019, IBM ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 dọ́là.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi ṣí ilé ìtàwé kékeré kan, mo sì gba ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Mo sọ fún un pé títà ni tirẹ̀, èmi ni mo mọ ohun tí a ó rà. Ní ọdún kan, mo ra igba ẹ̀dà ìwé ìtàn àròsọ kan, láìmọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìdánwò. Ọmọ yìí ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dá sí i.” Èébú kú sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà, gbogbo alẹ́ Sátidé ni àwa méjèèjì jọ ń ṣí ìwé ìṣirò owó wò. Òun ni ó sì dábàá pé kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kí a tó rajà.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ iṣẹ́ tí ó bá mọ àṣírí tán yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. N kò ní kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó há ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Steve Wozniak. Òṣìṣẹ́ Hewlett-Packard ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ṣe tọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ, wọn kò gbà á. Ní ọdún 1976, òun àti Steve Jobs wà lára àwọn tí ó dá Apple sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó mọ̀ ni ó lé e lọ bí kò ṣe pé ó sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́. Ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ ṣí, etí ni ó dí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ bá di ọ̀gá lọ́la, ẹ rántí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrèǹgbè. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń bá yín ṣiṣẹ́ lè sọ òótọ́ láìfòyà. Igba ìwé tí ó wà lábẹ́ ibùsùn mi ni ẹlẹ́rìí mi.